Báwo ni ọmọ tó gba máàkì pípé nínú Sífíìkì yóò ṣe di ọmọ ìlú rere?

Tíṣà Ìlódè (Ilé-Ifẹ̀)

Mo kí gbogbo ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ wà níbí. Kíláàsì kẹrin ni mò ń kọ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba kan ní Ilé-Ifẹ̀, ọmọ mẹ́tàlélógójì ló sì wà lábẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ kan ti wà lọ́kàn mi láti ìparí sáà tó kọjá, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i.

Lọ́jọ́ tí a ṣe ìdánwò Sífíìkì, a ní kí àwọn ọmọ kọ ìwà márùn-ún tí a fi ń mọ ọmọ ìlú rere. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wọn ló gbà á: ó ń pa òfin mọ́, ó ń bọ̀wọ̀ fún ẹlòmíràn, ó ń tọ́jú ohun ìní ìlú, ó ń sọ òótọ́, ó ń ran aláìní lọ́wọ́. Nígbà tí agogo ìsinmi lù, àwọn ọmọ yìí kan náà ló sáré lọ sí ìdí ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo tí a ní, tí àwọn ńlá ń fi èjìká ti àwọn kéékèèké sẹ́yìn, títí ọmọbìnrin kan láti kíláàsì kejì fi ṣubú tí kọ́ọ̀pù ọwọ́ rẹ̀ sì fọ́. Ọmọkùnrin tó tì í gan-an ló gba máàkì tó ga jù lọ nínú ìdánwò náà. Nígbà tí mo bi í léèrè ìdí tó fi ṣe bẹ́ẹ̀, kò purọ́, kò sì sunkún. Ó kàn wò mí bí ẹni tí ìbéèrè náà ṣàjèjì sí, ó ní, "Mà, a ti ṣe ìdánwò tán."

Ọ̀rọ̀ yẹn bá mi délé. Láti ọdún 1976 ni àwọn ọmọ ilé-ìwé ti ń ka ẹ̀jẹ́ orílẹ̀-èdè wa ní ìpéjọ òwúrọ̀, nígbà tí ìjọba sì dá orin orílẹ̀-èdè àtijọ́ padà ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, tọkàntọkàn ni a fi kọ́ àwọn ọmọ títí tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n kọ láìwo ìwé. Èmi kò rò pé àṣedànù ni. Ṣùgbọ́n mo ti wá rí i pé ọmọ lè fi ẹnu mọ gbogbo rẹ̀ kí ara rẹ̀ má mọ ọ̀kankan nínú rẹ̀.

Apá kejì ọ̀rọ̀ náà kan èmi fúnra mi. Nísàlẹ̀ káàdì rípọ́ọ̀tù wa, ibì kan wà tí a ti ń fi nọ́ńbà díwọ̀n ìwà ọmọ láti 1 dé 5: dídé lásìkò, ìmọ́tótó, òótọ́ sísọ, ìfọwọ́sowọ́pọ̀, ìkóra-ẹni-níjàánu. Ọdún mọ́kànlá rèé tí mo ti ń kọ káàdì yìí. 4 ni mo máa ń kọ fún ọmọ tó bá dákẹ́, 3 fún ọmọ tó bá ń pariwo, mo sì lè kọ ti gbogbo kíláàsì tán láàárín wákàtí kan. Títí di òní, kò sí òbí kan tó bi mí pé kí ló dé tí ọmọ òun fi gba 3 nínú òótọ́ sísọ, bẹ́ẹ̀ bí ọmọ bá ti ipò kejì bọ́ sí ipò kẹfà, wọn a ti dé ẹnu ọ̀nà mi kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ tán.

Kí ni ẹ̀yin ṣe rí, tí ẹ fi ojú ara yín rí i pé ọmọ yí padà? Ohun tí ènìyàn lè bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la pẹ̀lú ọmọ mẹ́tàlélógójì ni mò ń béèrè. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ pé kí n gbé pàṣán. Mo ti lò ó. Ìlà tí wọ́n ń tò máa ń gún régé, ó di ìgbà tí mo bá kẹ̀yìn sí wọn.

Bàbá Ìjẹ̀ṣà (Iléṣà)

Tíṣà wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìtara ọmọ. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì ni mí. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi ṣe iṣẹ́ náà ní Iléṣà àti ní àwọn abúlé tó yí i ká. Ọ̀rọ̀ omi tí ẹ mẹ́nu bà ló jẹ́ kí n kọ̀wé, torí pé omi náà ni wọ́n fi kọ́ mi.

Mo wà lára àwọn ọmọ tó wọ ilé-ìwé ní oṣù kìíní ọdún 1955, nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Ọ̀pọ̀ wa ni kò ní ìwé ọjọ́ ìbí. Wọ́n ní kí a gbé apá ọ̀tún gba orí kọjá kí a fi kan etí òsì, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá sì tó etí ni wọ́n gbà pé ó ti tó wọ ilé-ìwé. Ọwọ́ tèmi kò fi bẹ́ẹ̀ tó o. Ìyá mi ló bẹ̀ wọ́n.

Àmù kan wà ní kọ̀rọ̀ kíláàsì wa, wọ́n fi àwo bò ó, ife kan ṣoṣo sì wà lórí àwo náà. Nígbà tí mo dé kíláàsì kẹta, tíṣà wa fi àmù yìí sí ìkáwọ́ mi fún odidi sáà kan. Kò fi mí jẹ mọ́nítọ̀ tí ń kọ orúkọ aláriwo. Ohun tó sọ fún mi ni pé, "Ìwọ lo ni òùngbẹ kíláàsì yìí." Ní àràárọ̀ ni mò ń da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ nù, tí mò ń fi kànrìnkàn fọ inú rẹ̀, kí n tó lọ pọn omi tútù. Lọ́jọ́ kan, mo tẹ̀ lé àwọn ọ̀rẹ́ mi lọ ṣa àgbálùmọ̀, àmù sì ṣófo. Tíṣà kò nà mí. Nígbà tí ọmọ kìíní dé ìdí àmù, tí ife rẹ̀ ha ìsàlẹ̀ àmù gbígbẹ, tíṣà ní kí n dìde kí n sọ ìdí rẹ̀ fún un. Ọmọ kejì dé, mo tún dìde, mo tún sọ ọ́. Nígbà tí ẹni kẹfà máa fi dé, mo ti gbé korobá, mo ti wà lójú ọ̀nà odò. Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún báyìí, etí mi ṣì ń gbọ́ ìró ife yẹn.

Nítorí náà, ohun tí màá ṣe bí mo bá wà ní ipò yín ni pé màá fi ẹ̀rọ omi yẹn lé àwọn ọmọ lọ́wọ́, ẹni tó ti ọmọ ṣubú ni màá sì kọ́kọ́ fà á lé lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kí ó má ṣe jẹ́ ìjìyà. Ibẹ̀ gan-an ni mo rò pé a ti ṣìnà jù lọ, èmi náà sì wà lára àwọn tó ṣìnà. Ọmọ tó bá pẹ́ dé, a ó ní kó gbá àyíká. Ọmọ tó bá jà, a ó ní kó lọ gé koríko. Ọmọ tó bá bú ẹlòmíràn, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni yóò fọ̀. Ọdún mẹ́fà gbáko ni a fi ń kọ́ ọmọ pé ẹlẹ́ṣẹ̀ ló ń tún ìlú ṣe, tí ó bá wá dàgbà tán tí kò bá ará àdúgbò jáde lọ kó gọ́tà, a ó ní ayé ti bàjẹ́. Àwọn baba wa kò fi iṣẹ́ ìlú jẹ ẹnikẹ́ni níyà. Àárò ni àwọn ẹgbẹ́ máa ń ṣe, tí wọ́n ń lọ sí oko ara wọn níkọ̀ọ̀kan; bí iṣẹ́ bá sì pọ̀ jù fún ẹnì kan, yóò bẹ ọ̀wẹ̀, yóò sì pèsè oúnjẹ. Ẹni tí wọn kò bá pè ni ojú ń tì.

Nígbà tí mo jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé ní abúlé kan, mo fi òpin sí fífi koríko gígé jẹ ọmọ níyà, mo pín ilẹ̀ fún kíláàsì kọ̀ọ̀kan, mo sì ní kí wọ́n máa ṣe àárò láàárín ara wọn. Sáà kìíní kò dára rárá. Igbó kún apá kan ọgbà, àlejò tó wá bẹ̀ wá wò láti ọ́fíìsì sì bínú sí mi lójú àwọn olùkọ́ tó wà lábẹ́ mi. Mo farada á. Ní sáà kẹta ni mo rí i tí kíláàsì karùn-ún gbé ọkọ́ lọ ran kíláàsì kejì lọ́wọ́ lórí ebè ilá wọn, láìsí ẹni tó rán wọn.

Ohun kan tí mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí: iṣẹ́ tí ẹ bá fi lé ọmọ lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ iṣẹ́ tí nǹkan yóò bàjẹ́ lóòótọ́ bí kò bá ṣe é. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀yin ni ẹ máa lọ ṣe é lẹ́yìn rẹ̀, yóò mọ̀.

Ìyá Aláṣọ (Iléṣà)

Bàbá, ẹ kú ìrántí. Tíṣà, ẹ kú ìnira àwọn ọmọ wa. Tèmi kò pọ̀. Aṣọ ni mò ń tà ní ọjà Àtàkúnmọ́sà, ọmọ mẹ́ta ni mo sì ní.

Nígbà tí àkọ́bí mi fẹ́ ṣe ìdánwò ìwọlé sí ilé-ìwé girama, ilé-ìwé tó wà nígbà náà ní kí àwa òbí san owó kan kí wọ́n lè "ran àwọn ọmọ lọ́wọ́." Gbogbo wa mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí, mo sì san án. Nígbà tí ọmọ náà dé, ó ní wọ́n kọ ìdáhùn sí ojú pátákó fún àwọn, ó sì bi mí bóyá mo mọ̀ tẹ́lẹ̀. Mo ní kó lọ jẹun. Lẹ́yìn ọdún méjì, ó jí lára ṣéńjì tí mo fi rán an, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá a wí pé olè kò sí nínú ìran wa. Kò fèsì. Ó kàn gbójú sókè wò mí, mo sì mọ ohun tó ń rántí. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, èmi ni mo kó èyí fún un wọ̀.

Láti ìgbà náà, bí oníbàárà bá san owó lé, ọmọ ni mo máa ń rán pé kó sáré dá a padà, kì í ṣe èmi fúnra mi. Ní oṣù tó kọjá, èyí àbíkẹ́yìn sáré tẹ̀ lé obìnrin kan dé ẹnu ọ̀nà ọjà pẹ̀lú ẹgbẹ̀rún kan náírà. Ó padà dé pẹ̀lú òógùn lójú, ó ní, "Ó ṣàdúrà fún mi." Ohun tó ń sọ kiri gbogbo ìsọ̀ nìyẹn títí ilẹ̀ fi ṣú.

Tíṣà, ẹ máa pè wá nítorí 3 yẹn. Àwa kì í wo ìsàlẹ̀ káàdì nítorí pé ẹ̀yin náà kì í fi ìka tọ́ ọ fún wa. Ẹ má bínú pé mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Mọ̀dákẹ́kẹ́ (Ilé-Ifẹ̀)

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Mo ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa iṣẹ́ olùkọ́ lọ́wọ́lọ́wọ́, ohun tó sì ṣẹlẹ̀ lẹ́bàá ilé wa ni mo fẹ́ mú wá.

Ní ọdún 1970, Yunifásítì Ifẹ̀, èyí tó ń jẹ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lónìí, bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's "A" ní Mọ̀dákẹ́kẹ́, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá, pẹ̀lú owó ìrànwọ́ láti ọ̀dọ̀ Ford Foundation. Fún ọdún mẹ́fà, èdè Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ àwùjọ, tí èdè Gẹ̀ẹ́sì sì dúró gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀ tí olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dáadáa ń kọ́ wọn. Wọ́n fi wọ́n wé àwọn ọmọ tó yí sí Gẹ̀ẹ́sì láti kíláàsì kẹrin. Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ pé àwọn ọmọ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ yìí kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ta àwọn yòókù yọ nínú àwọn iṣẹ́ tó kù. Èyí tí a kì í sábà sọ ni pé àwọn tó tọpa wọn dé ilé-ìwé girama tún ròyìn ìwà wọn: wọ́n ní wọ́n gbọ́n bí àgbà, wọ́n ní ìfaradà, ó sì rọrùn fún wọn láti bá ẹni tí wọn kò mọ̀ rí gbé.

Èyí kò yà mí lẹ́nu. Bí a bá fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ ní orúkọ ìwà, ìró ni yóò há sórí. Ṣùgbọ́n bí a bá sọ pé "ọmọlúàbí," ó ti mọ ẹni tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ ní agboolé wọn, ó sì ti gbọ́ tí wọ́n sọ pé lágbájá kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Fáfúnwá kan náà ka ohun méje tí ẹ̀kọ́ àbáláyé ní ilẹ̀ Áfíríkà ń lé, ìwà ọmọ wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni kí ọmọ mọ̀ pé òun jẹ́ ara ẹbí àti ìlú, kí ó sì máa kópa nínú ọ̀rọ̀ wọn. Kópa ni ó sọ, kì í ṣe kí ó kàn máa gbọ́. Ìlú tó sọ pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀, kò yẹ kó ní kíláàsì tí àgbà nìkan ti ń sọ̀rọ̀.

Nígbà tí mo ń ṣe ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́, mo pa àlọ́ Ìjàpá tó jẹ àsèjẹ tí babaláwo sè fún Yánníbo, tí ikùn rẹ̀ sì wú. Ó kù díẹ̀ kí n sọ pé àlọ́ yìí kọ́ wa pé kí a má ṣe ojúkòkòrò, mo wá gbé e jẹ́ẹ́, mo bi àwọn ọmọ pé ta ló jẹ̀bi. Ariwo sọ. Ọmọbìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ rárá dìde, ó ní babaláwo náà jẹ̀bi díẹ̀, nítorí pé ó sọ fún Ìjàpá pé kò gbọ́dọ̀ tọ́ ọ wò ṣùgbọ́n kò sọ ìdí rẹ̀ fún un. Ẹlòmíràn ní bí wọ́n bá sọ ìdí rẹ̀ pàápàá, Ìjàpá yóò jẹ ẹ́. Ìdajì wákàtí ni a fi wà lórí rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn kan náà, wọ́n bi mí ìdí tí a kò fi gbọ́dọ̀ gba ẹ̀yìn kíláàsì kọjá, mo sì rí i pé èmi náà kò mọ̀ ọ́n. Mo lọ béèrè, mo sì wá sọ fún wọn.

Àwa tí a dàgbà láàárín Ifẹ̀ àti Mọ̀dákẹ́kẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe wúwo tó. Ọmọdé kọ́ ló dá ìjà ìlú méjèèjì tó tún bẹ́ sílẹ̀ ní 1997 sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọdé kọ́ èébú rẹ̀ láti ẹnu àgbà. Àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà lónìí yẹ kí wọ́n tètè kọ́ bí a ṣe ń gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkejì dópin.

Tíṣà Ìlódè (Ilé-Ifẹ̀)

Ẹ ṣeun gan-an ni. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ti kọjá, mo fẹ́ jábọ̀ fún yín.

Mo fi ẹ̀rọ omi náà lé ọmọkùnrin yẹn lọ́wọ́ gẹ́gẹ́ bí Bàbá ṣe wí. Ní ọjọ́ kẹta, mo bá a tó mú igi dání, tó ń fi lé àwọn ọmọ kéékèèké, tó sì ti mu omi tirẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dé ibẹ̀. Ó dùn mí púpọ̀, torí pé ohun tó rí ní ọwọ́ àwa olùkọ́ ni ó ń ṣe. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà ka iwájú kíláàsì ní èdè Yorùbá, mo sì jókòó sẹ́yìn. Wọ́n jiyàn títí. Ẹnì kan ní kí wọ́n gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá, ẹlòmíràn ní kò dára kí ènìyàn ṣe àṣìṣe lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n sì lé e. Òun fúnra rẹ̀ sọ tẹnu rẹ̀. Ohun tí wọ́n fẹnu kò sí ni pé kí iṣẹ́ náà máa yí ká lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kò gbọdọ̀ sí igi, ẹni tó bá sì ń tọ́jú omi ni yóò mu kẹ́yìn. Èmi kò ní ìmọ̀ràn kankan nínú rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sórí páálí, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ìlà náà kì í gún títí di òní, ariwo sì wà, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò tíì ṣubú mọ́.

Fún ti káàdì, mo ra ìwé kan, mo sì ń kọ gbólóhùn kan nípa ọmọ mẹ́sàn-án lójoojúmọ́, kí ọ̀sẹ̀ tó parí n óò ti kàn gbogbo wọn. Ohun tí mo fojú rí nìkan ni mò ń kọ. Mo ti wá mọ̀ pé àwọn ọmọ mẹ́rin kan wà tí mi ò rí ohunkóhun kọ nípa wọn ní ọ̀sẹ̀ kìíní, nítorí pé n kò wò wọ́n rí. Gbogbo wọn ni mo máa ń fún ní 4.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí a kọ káàdì. Mo ti fi pẹ́ńsù kọ 3 fún ọmọkùnrin wa yìí nínú ìkóra-ẹni-níjàánu, mo sì fẹ́ pe bàbá rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Ìyá Aláṣọ ṣe sọ. Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé bàbá náà kì í fọwọ́ yẹpẹrẹ na ọmọ. Báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́ tí kò fi ní di ẹgba?

Ìyá Aláṣọ (Iléṣà)

Tíṣà, ẹ má kọ́kọ́ dárúkọ nọ́ńbà. Ẹ ṣí ìwé yín, kí ẹ ka ohun tí ẹ kọ nípa rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ kìíní fún bàbá náà, ti igi yẹn àti ti ọjọ́ tó dìde sọ tẹnu rẹ̀ níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀. Kí ọmọ náà wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń kà á.